Orúkọ Kókó Inú Àgbọ̀n: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Ìṣègùn Kan Láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ní Ilẹ̀ Kétu

Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ń dárúkọ àwọn ẹ̀yà inú ẹnu tipẹ́ láìronú nípa wọn. Nígbà tí a bá pe /t/ àti /d/ ní ìró àfèrìgìpè, èrìgì gidi ni a ń dárúkọ, ẹran tó bo egungun níbi tí eyín ti hù. Bí a bá pe /y/ ní àfàjàpè, àjà ẹnu ni. Bí a bá pe /k/ ní àfàfàsépè, àfàsé ni. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, Ayọ̀ Bámgbóṣé ní 1984 àti Ọládélé Awóbùlúyì ní 1990, kò ní láti yá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yà ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀. Ohun tí a kò tíì fi ẹnu kò lé lórí ni bí a ó ṣe máa sọ̀rọ̀ nígbà tí egungun tó gbé gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí dúró bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú láti inú.

Irú ìwú bẹ́ẹ̀ kan ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Àwọn dókítà tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ń pè é ní giant cell lesion; àwọn tó fi Faransé kàwé ń pè é ní lésion à cellules géantes. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó lè jẹ egungun àgbọ̀n títí tí egungun náà yóò fi fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin, ó lè ti eyín kúrò ní ààyè rẹ̀, ó sì lè padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n kì í gba ojú ẹ̀jẹ̀ lọ dó sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀dọ̀ bí jẹjẹrẹ ti ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé nínú ìtàn àìsàn yìí, orúkọ ló ń yan ìtọ́jú. Nígbà tí wọ́n fún un lórúkọ tó burú ju ìwà rẹ̀ lọ, wọ́n gé àgbọ̀n tí kò yẹ kí wọ́n gé. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ yí padà, ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ náà yí padà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí a ń sọ fún aláìsàn ní Kétu, níbi tí èdè méjèèjì ti pàdé lórí ahọ́n Yorùbá.

Mo yan Kétu nítorí ìtàn rẹ̀. Ní 1853, ọdún kan lẹ́yìn tí ẹ̀dà kejì ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, Samuel Ajayi Crowther ti Abẹ́òkúta wá sí Kétu, Alákétu sì gbà á lálejò. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, James Paget tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde lórí àwọn àìsàn tó ń béèrè iṣẹ́ abẹ, ó sì ya irú kókó egungun kan sọ́tọ̀ kúrò lára jẹjẹrẹ, ó pè é ní myeloid, nítorí pé ohun tó rí nínú rẹ̀ jọ mùdùnmúdùn egungun lójú rẹ̀. N kò sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjèèjì gbọ́ nípa ìwé èkejì. Mo kàn fẹ́ kí ó hàn pé àkókò kan náà ni wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé tí wọ́n sì ń wá orúkọ fún kókó yìí ní Yúróòpù, àti pé àǹfààní wà nígbà náà pé kí ọ̀rọ̀ ìṣègùn wọ Kétu gba ọ̀nà Abẹ́òkúta.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ míṣọ́nnárì kò fìdí múlẹ̀ ní Kétu láyé ìgbà yẹn. Ní 1886 àwọn ọmọ ogun Dahomey pa ìlú náà run, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Abomey ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1890 sí i ni àwọn tó ṣẹ́ kù padà wá tún ìlú wọn kọ́. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ìlà sáàárín ilẹ̀ náà nígbà tí Kétu fúnra rẹ̀ ṣì wà ní ahoro: Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí í ṣe ọmọ Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlà náà sì gba Ìlárá kọjá. A. I. Asiwaju, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ìtàn ohun tí ìlà yìí ṣe sí àwọn ará ibẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 lórí ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un kéré: ìlà náà pín ọ̀rọ̀ ìṣègùn pẹ̀lú.

Láti 1918 ni Faransé ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Dakar fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀nà Dakar sì ni ọmọ Dahomey tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìṣègùn ń gbà kí yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ náà ní 1970. Ní apá kejì, Yábàá ni, láti 1930. Lẹ́yìn náà Ìbàdàn, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948 tí ilé ìwòsàn rẹ̀ ńlá sì ṣí ní 1957. Ọmọ ìyá méjì, ọ̀kan láti Kétu, èkejì láti Ìmẹ̀kọ, lè di dókítà kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ nípa ohun gbogbo lédè ìyá wọn, àfi iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá dé orí kókó àgbọ̀n, ọ̀kan yóò sọ myéloplaxe, èkejì yóò sọ giant cell, wọn yóò sì ní láti wo ojú ara wọn.

Ohun kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń tọ́ka sí, ìtàn wọn ló yàtọ̀. Ní 1849, Charles Robin ní Paris ṣe àpèjúwe sẹ́ẹ̀lì kan tó rí nínú mùdùnmúdùn egungun. Sẹ́ẹ̀lì tí a mọ̀ sábà máa ń ní kóró kan péré nínú. Eléyìí ní mẹ́wàá, ogún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tóbi jù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì. Orúkọ tó gbilẹ̀ fún un lédè Faransé ni myéloplaxe. Ní 1860, Eugène Nélaton kọ odidi ìwé lórí kókó egungun tó kún fún sẹ́ẹ̀lì yìí, ó sì fi sínú àkọlé ìwé náà gan-an pé kókó tí kò burú ni. Èyí ṣe pàtàkì fún wa. Faransé ti sọ ọ́ lórí èèpo ìwé ní 1860 pé kí a má ṣe ka nǹkan yìí mọ́ jẹjẹrẹ. Albert Kölliker, ọmọ Switzerland tó ń kọ́ni ní Jámánì, ló wá sọ ní 1873 pé irú sẹ́ẹ̀lì oníkóró púpọ̀ yìí ló ń tú egungun palẹ̀ kí ara tó lè tún un mọ, ó sì fún un ní orúkọ tó túmọ̀ sí afọ́-egungun, osteoclast. Òṣìṣẹ́ ara ni, kì í ṣe ọ̀tá. Ibi tí ó bá pọ̀ jù ni egungun ti ń ṣófo.

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kò tètè gbọ́ ohun tí Nélaton wí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pe kókó yìí ní sarcoma, orúkọ tí wọ́n tún ń pe jẹjẹrẹ egungun tó ń pani. Ẹni tí wọ́n bá fún ní orúkọ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè lọ, àgbọ̀n rẹ̀ lè lọ. Ní 1912, J. C. Bloodgood, oníṣẹ́ abẹ kan ní Baltimore, jà fún un pé kí wọ́n máa fá inú egungun dípò kí wọ́n máa gé gbogbo rẹ̀ dànù, ọ̀rọ̀ sarcoma sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára kókó náà. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé kò rí sẹ́ẹ̀lì tuntun kankan. Ohun tí gbogbo ènìyàn ti rí ló fún lórúkọ mìíràn, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kan sì dúró lára wọn nítorí rẹ̀.

Títí di àkókò yìí, wọn kò ya àgbọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára egungun yòókù. Henry Jaffe ní New York ló ṣe ìyẹn ní 1953. Ó ní èyí tó wà nínú egungun àgbọ̀n kì í ṣe ọ̀kan pẹ̀lú èyí tó ń mú orúnkún. Ti orúnkún ni kí a máa pè ní giant cell tumor, ti àgbọ̀n jẹ́ giant cell reparative granuloma. Nínú orúkọ gígùn yìí, ọ̀rọ̀ àárín ni ó wúwo jù. Reparative túmọ̀ sí pé ara ń tún ibi kan ṣe. Èrò Jaffe ni pé ẹ̀jẹ̀ tó sun sínú egungun, bóyá nítorí ìfarapa, ni ara ń gbìyànjú láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Èrò tó dùn mọ́ni ni, ó sì fọkàn aláìsàn balẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn kókó náà kò tún ohunkóhun ṣe. Wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń yọ gbòǹgbò eyín, wọ́n ń lu egungun jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ reparative. Ní 1986, Kaban àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston dá a sí méjì: èyí tó ní ìwà pẹ̀lẹ́ àti èyí tó le. Èyí tó le ni ó ń dunni, tó ń yára dàgbà, tó kọjá sẹ̀ǹtímítà 5, tó ń jẹ gbòǹgbò eyín tàbí tó ń padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé pè é ní lesion nínú ìwé rẹ̀ ti 2005, ó sì padà sí granuloma ní 2017. Ní 2018 ni àwọn olùwádìí wá kéde pé àwọn rí àyípadà nínú àbùdá sẹ́ẹ̀lì ọ̀pọ̀ nínú àwọn kókó wọ̀nyí, nínú TRPV4, KRAS àti FGFR1. Ìyẹn ni pé kókó ni lóòótọ́, kì í kàn ṣe ọgbẹ́ tó ń jinná. Orúkọ granuloma ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, bí orúkọ òpópónà tó ń jẹ́ ti ọjà tí wọ́n ti ṣí kúrò níbẹ̀.

Kí ló dé tí orúkọ yìí fi ṣòro tó bẹ́ẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni mo rò pé yóò tètè lóye rẹ̀ jù. Ẹ kọ *oko* sílẹ̀ láìsí àmì kankan, lọ́nà tí àwọn ènìyàn ń gbà tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ó lè jẹ́ oko tí a ń ro, òkò tí a ń jù, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko yẹn, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Ẹni tó ń wo lẹ́tà mẹ́ta yẹn nìkan kò lè yan ọ̀kan, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni onímọ̀ tó ń fi máíkírósíkóòpù wo ẹran tí wọ́n gé nínú àgbọ̀n. Ó rí sẹ́ẹ̀lì oníkóró púpọ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀ tó sun sáàárín wọn. Ó kéré tán, àìsàn mẹ́rin ló lè fi irú àwòrán yẹn hàn án. Ohun tí yóò fi àmì ohùn sí i kò sí lórí gíláàsì rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ni, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni, àwòrán X-ray egungun rẹ̀ yòókù ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ méjì. Ní 1891, Friedrich von Recklinghausen ní Jámánì ṣe àpèjúwe àìsàn kan tó ń sọ egungun di rírọ̀, tó sì ń fi kókó aláwọ̀ búráùn sínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó ló fún un ní àwọ̀ yẹn. Lójú máíkírósíkóòpù, kò sí ìyàtọ̀ láàárín kókó búráùn yìí àti ti Jaffe. Ṣùgbọ́n orísun rẹ̀ kò sí nínú àgbọ̀n rárá. Ọrùn ni ó wà, nínú àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké mẹ́rin tí ń jẹ́ parathyroid, tó ń darí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wú, tàbí bí kíndìnrín bá kọṣẹ́ tí àwọn ẹṣẹ́ náà sì ń ṣiṣẹ́ àṣejù, wọn yóò máa fa kálísíọ̀mù jáde kúrò nínú egungun. Ní 1925, Felix Mandl ní Vienna yọ irú ẹṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́rùn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tírámù kan, egungun ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í le padà. Kò sẹ́ni tó gé egungun rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ge àgbọ̀n aláìsàn láìkọ́kọ́ yẹ kálísíọ̀mù àti hòmóònù parathyroid rẹ̀ wò ti ka ọ̀rọ̀ láìwo àmì.

Àpẹẹrẹ kejì pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní 1933, W. A. Jones ní Kánádà kọ nípa àwọn ọmọ ìyá kan náà tí àgbọ̀n wọn wú lápá méjèèjì láti kékeré, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún, tí ojú wọn sì dà bí ẹni tó ń wo òkè. Orúkọ tí àìsàn náà gbà ni cherubism, nítorí pé wọ́n jọ àwọn kérúbù inú àwòrán àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ọmọ ọwọ́ sísanra tó ń fi ìyẹ́ fò. Kí aláìsàn Yorùbá gbọ́ kérúbù, kí ni yóò rò? Ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925, ti fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu wa tipẹ́. Aṣọ funfun, àdúrà àti áńgẹ́lì alágbára ló ń mú wá sọ́kàn, kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́. Àfiwé náà kò rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀, ohun tí orúkọ náà ń dáàbò bò níye lórí: àìsàn àjogúnbá ni, àyípadà àbùdá SH3BP2 tí wọ́n rí ní 2001 ló sábà máa ń fà á, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ náà bá bàlágà. Ọmọ tí wọ́n bá mọ orúkọ àìsàn rẹ̀, wọ́n lè dúró. Ọmọ tí wọn kò bá mọ̀, wọ́n lè gé e.

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ewu àṣìpè tún pọ̀ sí i nítorí àwọn kókó mìíràn tó wà ní àdúgbò. Ní 1958, Denis Burkitt, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà, kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ kan tó ń mú àgbọ̀n àwọn ọmọdé. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé ó wà káàkiri agbègbè olóoru Áfíríkà, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀. Ìyẹn ń yára bí iná ọyẹ́, oògùn ni ó sì ń gbọ́, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ameloblastoma tún wà, tó wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn kókó àgbọ̀n tí àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà ń rí: ara ohun tó ń di eyín ni ó ti ń hù, kì í dunni, ó ń fi ọ̀pọ̀ ọdún dàgbà, tí wọ́n bá sì kàn fá a, ó sábà máa ń padà wá, nítorí náà gígé ni ó sábà máa ń béèrè. Kókó mẹ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú kan náà. Ọ̀kan ń fẹ́ oògùn, ọ̀kan ń fẹ́ gígé, ẹ̀kẹta ń fẹ́ sùúrù àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wa, ẹnu ló wú, tàbí kí a sọ pé jẹjẹrẹ ni. A ti kó wọn sínú àpò kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Kétu ní gidi ni Kútọnu. Ọkọ̀ ojú omi Africa Mercy, ilé ìwòsàn orí omi ti ẹgbẹ́ Mercy Ships, gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu ní 2009, ó sì tún padà wá láti 2016 sí 2017. Kókó ojú àti ti àgbọ̀n wà lára iṣẹ́ tí wọ́n mọ ẹgbẹ́ náà mọ́ jù. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè iṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà, nítorí náà àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe ògbufọ̀. Ẹ wo bí ìtàn ṣe yí po: Gẹ̀ẹ́sì tí àdéhùn 1889 ti dá dúró ní Ìmẹ̀kọ wá gba ojú òkun wọlé sí orílẹ̀-èdè Benin. Aláìsàn tó bá ti òkè Kétu, láti Ìlíkímù tàbí Ìdìgnì, sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀ lè wà ní ìparí okùn gígùn: oníṣẹ́ abẹ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan gbọ́ ọ bíi Faransé nínú ọkàn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ jáde ní Fọ̀n tàbí Yorùbá. Ẹni tó bá ti ṣe ògbufọ̀ rí mọ ohun tí ọpọlọ máa ń ṣe ní irú ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ ni yóò gbá mú, ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ jù fún tumeur sì ni jẹjẹrẹ.

N kò dá ògbufọ̀ lẹ́bi. Ẹ̀bi wa ni, àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ọ̀rọ̀. Etí olùgbọ́ ń gbọ́ *jẹ* lẹ́ẹ̀mejì nínú jẹjẹrẹ kí ó tó gbọ́ ohunkóhun mìíràn. Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún lè padà sílé láti lọ múra ikú sílẹ̀ nígbà tí fífá inú egungun ìbá tó fún un. Ó sì lè gbà kí wọ́n gé gbogbo àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí kí ni àgbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí?

Kí ni àgbọ̀n? Ó yẹ kí a dáhùn ìyẹn ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa. Tí wọ́n bá gé apá iwájú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tí wọn kò sì fi nǹkan rọ́pò rẹ̀, ètè ìsàlẹ̀ kò ní ohun tó gbé e ró mọ́. Itọ́ yóò máa dà, ahọ́n yóò sì fà sẹ́yìn nítorí pé iṣan tó so ó mọ́ egungun ti já. /b/ àti /m/ ń fẹ́ kí ètè méjèèjì pàdé. /kp/ tí a ń kọ ní *p*, àti /gb/, ń fẹ́ kí ètè pàdé ní àkókò kan náà tí ẹ̀yìn ahọ́n gbéra lọ bá àfàsé. Kò sí bí ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe pe *àgbọ̀n* fúnra rẹ̀ dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì kò ní /gb/, Faransé kò ní i. Ìwé àwọn oníṣẹ́ abẹ wọn kò ní ìdí láti ka ìró yìí mọ́ ohun tí aláìsàn pàdánù.

Ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún èyí tó jẹ́ giant cell gidi, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti fi hàn pé kì í ṣe ti parathyroid, kò ní láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gígé. Fífá ni ó wọ́pọ̀ jù. Àwọn ìròyìn tó ti jáde fi ìpadàbọ̀ lẹ́yìn fífá sí láàárín 11 àti 49 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó le sì ni ó ń padà wá jù. Láti ìparí ọdún 1980 sí i ni àwọn kan ti ń fún kókó náà gan-an ní abẹ́rẹ́ stéróìdì, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní 1993 ni ìròyìn jáde nípa calcitonin, hòmóònù tó ń dá iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì afọ́-egungun dúró. Denosumab, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2013 fún kókó irú ti orúnkún, ni àwọn dókítà kan ń lò fún àgbọ̀n báyìí. Abẹ́rẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà kò rọrùn fún ẹni tó ń gbé ní Kétu, àmọ́ stéróìdì kì í ṣe oògùn ọ̀wọ́n. Àyẹ̀wò kálísíọ̀mù pẹ̀lú kò le. Fún aláìsàn tí kò lè la ẹnu rẹ̀ tán, ọ̀nà kan wà láti fi abẹ́rẹ́ pa ìmọ̀lára àgbọ̀n ìsàlẹ̀ láìṣí ẹnu, J. O. Akinosi ti Èkó ló gbé e jáde ní 1977, gbogbo ayé sì ń lò ó pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Nígbà mìíràn, orúkọ tó wà nínú ìwé àwọn àjèjì ni tiwa.

Ó kù kí a sọ ohun tí a ó máa pè é. *Sẹ́ẹ̀lì òmìrán* ni yóò kọ́kọ́ wá sẹ́nu ẹni tó ń túmọ̀ giant cell, ọ̀rọ̀ náà kò sì dára. Òmìrán nínú ìtàn wa kì í ṣe ohun tó kàn tóbi. Ó ń gbé kùmọ̀, ó ń pani. Yàtọ̀ sí ìyẹn, títóbi kọ́ ni àmì sẹ́ẹ̀lì yìí. Kóró púpọ̀ ni. Bí a bá pè é ní *sẹ́ẹ̀lì oníkóró-púpọ̀*, ohun tí Robin rí ní 1849 gan-an ni a sọ, ẹni tó bá sì ti bó ọsàn rí yóò lóye. Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ yóò rántí ibòmíràn tí kóró wà lára ọkùnrin. Ìyẹn kò dí wa lọ́wọ́. Fún tumor àti lesion, *kókó* tó, nítorí pé kókó kò tíì ṣèdájọ́ pé ó burú tàbí pé ó dára. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń hù nínú egungun. Irú kan wà tó ń hù lórí èrìgì nìkan, tó ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ dídì. Àwọn Gíríìkì pe irú ìwú bẹ́ẹ̀ ní epoulis, ìyẹn "ti orí èrìgì", Faransé sì ń sọ épulis títí di òní. A kò nílò láti yá a. Kókó oníkóró-púpọ̀ ti orí èrìgì; kókó oníkóró-púpọ̀ ti inú egungun. Èrìgì yẹn ni èrìgì inú àfèrìgìpè.

Àwọn tó ti ka Bíbélì Yorùbá àtijọ́ ti pàdé pari-ẹrẹkẹ nínú ìtàn Samsoni, àwọn kan yóò sì fẹ́ kí a lo ìyẹn dípò àgbọ̀n. N kò ta kò ó fún ìwé. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe ti ìwé. Ti ògbufọ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, tí ìyá arúgbó kan láti Kétu ń wo ẹnu rẹ̀: "Ìyá, kókó ló wà nínú egungun àgbọ̀n yín. Dókítà kò sọ pé jẹjẹrẹ ni. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí wọ́n tó mọ irú kókó tó jẹ́."